Orí Keje: Ìfàya àti Ìṣàn Magellan

Ohun tí ẹ ó kọ́ nínú orí yìí

Bí ẹ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ẹ lè:

- ṣàlàyé ìdí tí gálásì ńlá fi ń fa gáàsì jáde lára gálásì kékeré tó bá sún mọ́ ọn;
- ṣírò ibi tí agbára gálásì kékeré pin sí;
- sọ bí a ṣe ń fi ìgbì rédíò rí gáàsì tí ojú kò lè rí;
- fi ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ sọ ibi tí Ìṣàn Magellan ti wá àti ohun tó fà á jáde.

7.1 Àwọn aládùúgbò wa ní gúúsù ojú ọ̀run

Gálásì ni a ń pe àgbájọ ìràwọ̀, gáàsì àti eruku tí òòfà so pọ̀ mọ́ra. Inú gálásì tí a ń pè ní Milky Way ni oòrùn wa wà, òun àti gbogbo ìràwọ̀ tí a lè fojú lásán yà sọ́tọ̀ lóru. Gálásì wa yìí kò dá gbé. Ọ̀pọ̀ gálásì kéékèèké ló yí i ká, àwọn méjì tó sì mọ́lẹ̀ jù nínú wọn ni Ìkùukùu Magellan Ńlá àti Ìkùukùu Magellan Kékeré. Orúkọ Ferdinand Magellan, atukọ̀ ará Pọtogí tó gbéra ní 1519, ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Antonio Pigafetta tó bá a wọkọ̀ náà kọ nípa wọn nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ Magellan tó gbéra rárá ni àwọn tó ń gbé ìhà gúúsù ayé ti ń wò wọ́n.

Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan, ìyẹn nǹkan bí 9.5 tírílíọ̀nù kìlómítà. Ìkùukùu Ńlá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ìkùukùu Kékeré jìnnà tó nǹkan bí 200,000. Àárín àwọn méjèèjì fúnra wọn tó nǹkan bí 75,000 ọdún ìmọ́lẹ̀.

Gúúsù pátápátá ni wọ́n wà lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé ní London tàbí Havana kì í fi í rí wọn, nígbà tí ẹni tó wà ní Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, ń rí Ìkùukùu Ńlá kó ga tó dígírì 34. Nílẹ̀ Yorùbá, a lè rí i, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Ìkùukùu Ńlá sì wà ní dígírì 69 sí gúúsù. Nítorí náà, ibi tó ga jù tó lè dé lójú ẹni tó wà ní Ìbàdàn ni:

90 − 7 − 69 = dígírì 14

Bí ẹ bá na apá tọ́ọ́, tí ẹ sì di ọwọ́, ẹ̀ṣẹ́ kan gba nǹkan bí dígírì 10 lójú ọ̀run. Dígírì 14 kò ju ẹ̀ṣẹ́ kan àti ààbọ̀ lọ.

*Ẹ ṣe é fúnra yín.* Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ lọ sí ibi tí iná ìlú kò dé, kí ẹ kọjú sí gúúsù. Ẹ wá Canopus, ìràwọ̀ kejì tó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ni Ìkùukùu Ńlá wà, bí àbàwọ́n funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí òjò bá fọ ojú ọ̀run mọ́ ló dára jù.

7.2 Kí ni ìfàya?

Òòfà ń dínkù bí ọ̀nà ṣe ń jìn. Òfin Newton sọ pé bí ọ̀nà tó wà láàárín nǹkan méjì bá di ìlọ́po méjì, òòfà àárín wọn á di ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ohun tí òòfà ń fà bá wá tóbi, kì í ṣe bákan náà ni òòfà yóò ṣe fa gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ohun tó ń fà á ni yóò rí ìfà tó le jù, àárín yóò rí díẹ̀ dín, ẹ̀yìn yóò sì rí èyí tó kéré jù. Ìyàtọ̀ yìí ló ń na ohun náà gùn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni a ó máa pè ní *ìfàya* nínú ìwé yìí.

Ìfàya ló ń mú kí omi òkun kún, kó sì fà, ní etí òkun Èkó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Òṣùpá jìnnà sí ayé tó 384,400 kìlómítà, ayé fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí 12,740 kìlómítà. Tí a bá ṣírò rẹ̀, òòfà òṣùpá lára ẹ̀gbẹ́ ayé tó kọjú sí i fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ju ti ẹ̀yìn lọ. Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ yẹn ni omi òkun ń jẹ́ ìpè rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má pa ìfàya pọ̀ mọ́ òòfà lásán. Òòfà tí oòrùn fi ń fa ayé ju ti òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 180. Síbẹ̀, ìfàya oòrùn lórí omi òkun kò tó ìdajì ti òṣùpá. Ìdí ni pé oòrùn jìnnà débi pé iwájú àti ẹ̀yìn ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Òòfà ń dínkù pẹ̀lú R², ṣùgbọ́n ìfàya ń dínkù pẹ̀lú R³:

ìfàya ∝ M × d ÷ R³

M dúró fún ìwúwo ohun tó ń fà, d fún ìbú ohun tí à ń fà, R sì ni ọ̀nà tó wà láàárín wọn.

*Àpẹẹrẹ 7.1.* Gálásì kékeré kan rìn títí ọ̀nà tó wà láàárín òun àti gálásì ńlá fi di ìdajì. Báwo ni òòfà àti ìfàya ṣe yí padà?

Ìdáhùn: Òòfà di 2² = ìlọ́po 4. Ìfàya di 2³ = ìlọ́po 8. Ẹ rí i pé bí gálásì méjì ṣe ń sún mọ́ra ni ìfàya ń yára le ju òòfà fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n bá sún mọ́ra jù lọ ni ìbàjẹ́ ń ṣẹlẹ̀, ìgbà náà kì í sì í pẹ́ tó àkókò tí wọ́n fi ń rìn jìnnà síra.

Ohun kan ṣì kù nípa ìfàya tí a ó nílò níwájú. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló máa ń fi hàn. Omi òkun ń wú ní ìhà tó kọjú sí òṣùpá, ó sì ń wú ní ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí pé òòfà fa àárín ayé ju ẹ̀yìn lọ. Bákan náà ni gáàsì gálásì kékeré ṣe ń yọ ní ọ̀nà méjì. Gáàsì tó yọ ní ìhà iwájú ń bọ́ sí ipa ọ̀nà tó sún mọ́ gálásì ńlá, ó sì ń ṣíwájú gálásì tó ti jáde wá. Èyí tó yọ lẹ́yìn ń bọ́ sí ipa ọ̀nà tó jìnnà, ó sì ń rẹ̀yìn. Apá kan níwájú, ìrù kan lẹ́yìn: àmì tí ìfàya máa ń fi sílẹ̀ nìyẹn.

Ní 1972, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Alar àti Juri Toomre, fi kọ̀ǹpútà fi èyí hàn gbangba. Wọ́n ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí gálásì méjì bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, afárá àti ìrù gígùn sì yọ jáde nínú ìṣírò wọn, bí àwọn tó wà nínú fọ́tò gálásì tó ti rú àwọn onímọ̀ lójú tipẹ́. Kò sí agbára mìíràn tí wọ́n fi kún un ju òòfà lọ.

7.3 Ibi tí agbára gálásì kékeré pin sí

Gálásì kékeré náà ní òòfà tirẹ̀ tó fi di ohun ìní rẹ̀ mú. Ní àárín, òòfà yìí le ju ìfàya aládùúgbò lọ. Bí a ṣe ń lọ sí etí ni ó ń rẹlẹ̀, títí a ó fi dé ibi tí ìfàya yóò borí. Ibẹ̀ ni ààlà. Bí a bá pe ìwúwo gálásì kékeré ní m, ti ńlá ní M, àti ọ̀nà àárín wọn ní R, ààlà náà, r, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́:

r = R × ∛(m ÷ 3M)

*Àpẹẹrẹ 7.2.* Gálásì kan wúwo ju aládùúgbò rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 9. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn jẹ́ 30,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Níbo ni agbára gálásì kékeré pin sí?

Ìdáhùn: m ÷ 3M = 1 ÷ 27. Ohun tí a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó fi jẹ́ 27 ni 3, nítorí náà r = 30,000 ÷ 3 = 10,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Gáàsì tàbí ìràwọ̀ yòówù tó bá wà lẹ́yìn 10,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí àárín gálásì kékeré ti bọ́ sínú ewu.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé gáàsì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, tí ìràwọ̀ fi ń kù sílẹ̀? Ìdí rẹ̀ wà nínú bí gálásì ṣe tò. Àárín ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ kóra jọ sí. Gáàsì háídrójìn máa ń tẹ́ lọ jìnnà kọjá ibi tí ìràwọ̀ parí sí, nítorí pé gáàsì etí tín-ín-rín débi pé kò lè ki di ìràwọ̀. Ohun tó wà létí ni ọwọ́ aládùúgbò kọ́kọ́ ń bà. Gálásì kékeré lè pàdánù ọ̀pọ̀ gáàsì kí ìràwọ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, bẹ́ẹ̀ sì ni gáàsì tó lọ yẹn ni ìbá fi bí ìràwọ̀ tuntun lọ́jọ́ iwájú.

7.4 Bí a ṣe ń rí gáàsì tí kò tàn

Háídrójìn tó tutù kì í tàn lójú ẹni. Tẹlisíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ lè wo inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbì rédíò ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Átọ́ọ̀mù háídrójìn kan ní pírótọ́ọ̀nù kan àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, àwọn méjèèjì sì ń hùwà bí irin òòfà kékeré. Bí wọ́n bá kọjú sí ọ̀nà kan náà, agbára wọn ga díẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá kọ ojú síra lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á yí padà, agbára kékeré tó ṣẹ́ kù á sì jáde bí ìgbì rédíò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21, ìyẹn 1420.4 MHz. Átọ́ọ̀mù kan lè dúró fún nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún kí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù inú gálásì kò lóǹkà, nítorí náà ìgbì náà kì í dákẹ́. Hendrik van de Hulst, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní 1944. Harold Ewen àti Edward Purcell gbọ́ ọ ní Harvard ní 1951.

Ìgbì yìí ń sọ ibi tí gáàsì wà, ó sì ń sọ bó ṣe ń sáré. Bí gáàsì bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, iye ìgbì rẹ̀ á lọ sókè. Bó bá ń sá fún wa, á lọ sílẹ̀.

*Àpẹẹrẹ 7.3.* Gáàsì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní 300 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibo ni a ó ti gbọ́ ìgbì rẹ̀ lórí rédíò?

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ ń sáré ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 300 ÷ 300,000 = 1 ÷ 1,000. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún 1420.4 MHz jẹ́ nǹkan bí 1.4 MHz. A ó gbọ́ ọ ní 1421.8 MHz.

Ọ̀nà yìí ni a fi ń ya gáàsì Ìṣàn Magellan, ìyẹn ìṣàn gáàsì gígùn tó tẹ̀ lé àwọn Ìkùukùu Magellan lẹ́yìn, sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì Milky Way tó wà níwájú rẹ̀. Ojú ibì kan náà ni àwọn méjèèjì wà lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n eré wọn kò dọ́gba, ibi tí a ti ń gbọ́ wọn lórí rédíò náà kò sì jọra.

7.5 Bí a ṣe rí Ìṣàn náà

Afárá ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ní 1963, àwọn onímọ̀ tó ń fi rédíò wo ojú ọ̀run ní Ọsirélíà rí i pé gáàsì háídrójìn so Ìkùukùu Ńlá àti Ìkùukùu Kékeré pọ̀. Ní 1972, Paul Wannier àti Gerard Wrixon kéde ìṣàn gáàsì gígùn kan tó ń sáré gidigidi, láìmọ̀ pé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àwọn Ìkùukùu náà. Ọdún 1974 ni Don Mathewson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti Ọsirélíà, tí wọ́n sì rí i pé ẹ̀yìn àwọn Ìkùukùu Magellan ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló sọ ọ́ ní Ìṣàn Magellan.

Ní 1998, Mary Putman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Apá Iwájú, ìyẹn gáàsì tó ṣíwájú àwọn Ìkùukùu náà. Ìtumọ̀ èyí kò kéré: ìfàya ń fi apá kan síwájú, ìrù kan sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní 7.2. Ní 2010, David Nidever àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tẹlisíkóòpù Green Bank ní Amẹ́ríkà rí i pé ìrù náà gùn ju bí a ti rò lọ. Bí a bá ka Apá Iwájú, àwọn Ìkùukùu àti Ìṣàn pọ̀, gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bí dígírì 200 lójú ọ̀run. Òṣùpá àrànmọ́jú kò ju ìdajì dígírì kan lọ.

Iye gáàsì tó wà níbẹ̀ náà pọ̀. Ní 2014, Andrew Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 2 bílíọ̀nù ìlọ́po ìwúwo oòrùn, bí a bá gbà pé ó jìnnà tó àwọn Ìkùukùu fúnra wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, jẹ́ gáàsì gbígbóná tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ti já kúrò, tí kì í sì í fi ìgbì sẹ̀ǹtímítà 21 ránṣẹ́ mọ́. Ohun tí rédíò ń fi hàn wá nínú Ìṣàn yìí kò ju ìdá kékeré lọ.

7.6 Ta ló fà á jáde?

Nígbà tí Mathewson tọ́ka sí Ìṣàn yìí, ìdáhùn tó yá lẹ́nu ni pé Milky Way ni. Gálásì ńlá ni, ó wà nítòsí, ó sì lágbára. Ọ̀pọ̀ ìṣírò tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún gbà pé àwọn Ìkùukùu náà ti yí Milky Way po ní ìgbà púpọ̀, àti pé ìfàya rẹ̀ ló já gáàsì wọn.

Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, a ní láti mọ bí Ìkùukùu Ńlá ṣe ń sáré, kì í ṣe sọ́dọ̀ wa nìkan, bí kò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó le ni. Láàárín ọdún kan, ìràwọ̀ inú Ìkùukùu Ńlá kì í yẹ̀ lójú ọ̀run ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìbú òṣùpá lọ. Nitya Kallivayalil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo tẹlisíkóòpù Hubble. Wọ́n yan ibi tí kúásà kan wà lẹ́yìn àwọn ìràwọ̀ náà. Kúásà jẹ́ àárín gálásì tó ń tàn gidigidi, ó sì jìnnà débi pé a lè kà á sí ohun tí kò mira. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n dúró fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n tún yà á, wọ́n sì wọn bí àwọn ìràwọ̀ ti yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúásà. Èsì wọn jáde ní 2006. Ìwọ̀n tí wọ́n tún ṣe ní 2013 fi eré Ìkùukùu Ńlá sí nǹkan bí 320 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí àárín Milky Way.

Eré yìí ju ohun tí àwọn ìṣírò àtijọ́ lè gbà lọ. Ohun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè ti yí wa po ní ìgbà púpọ̀. Gurtina Besla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2007 pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn Ìkùukùu náà máa wá sítòsí Milky Way. Bí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, báwo la ṣe máa sọ pé onílé ló fa aṣọ rẹ̀ ya láti ìjọ́un?

Ìdáhùn tí Besla mú wá ní 2010 ni pé ẹ̀gbọ́n ló fa àbúrò. A máa ń gbà pé Ìkùukùu Ńlá wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá Ìkùukùu Kékeré. Nínú àwòṣe kọ̀ǹpútà wọn, àwọn méjèèjì ti ń yí ara wọn po fún bílíọ̀nù ọdún mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìfàya Ńlá sì ń fa gáàsì Kékeré jáde ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún mọ́ra. Ẹ padà sí Àpẹẹrẹ 7.2: ìlọ́po 9 ti tó láti dín ààlà gálásì kékeré kù sí ìdá mẹ́ta ọ̀nà àárín wọn. Wọ́n sì ti sún mọ́ra ju bí wọ́n ṣe wà lónìí lọ. Ní nǹkan bí 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fara kanra kẹ́yìn, ìgbà náà sì ni Afárá Magellan yọ. Nínú àlàyé yìí, Milky Way kò jẹ́ ẹni tó já gáàsì náà. Ó kàn ń na ohun tó ti já tẹ́lẹ̀ ni.

Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun rẹ̀, ẹ̀rí ohun tó wà nínú gáàsì náà sì tẹ̀ lé e. Bí ìmọ́lẹ̀ kúásà bá gba inú Ìṣàn kọjá, ọ́síjìn, imí-ọjọ́ àti àwọn èròjà mìíràn inú gáàsì máa ń gbé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan mì kúrò nínú rẹ̀. A lè fi àwọ̀ tó pòórá mọ èròjà tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ní 2013, Fox àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ní ọ̀pọ̀ ibi nínú Ìṣàn, àwọn èròjà wọ̀nyí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oòrùn lọ. Bí Ìkùukùu Kékeré ṣe rí ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, Philipp Richter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo apá ibi tí Fairall 9, gálásì kan tó ń tàn gidigidi lẹ́yìn Ìṣàn náà, wà, wọ́n sì rí ìdajì ti oòrùn. Ìyẹn bá Ìkùukùu Ńlá mu. Nidever ti sọ ṣáájú, ní 2008, pé okùn méjì ló lọ́ mọ́ra nínú Ìṣàn náà, àti pé a lè tọ ọ̀kan padà dé inú Ìkùukùu Ńlá.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo ló ṣòfò. Gáàsì Ìkùukùu Kékeré ló pọ̀ jù, ti Ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

7.7 Ìfàya nìkan ni, àbí ìtì?

Ọ̀nà mìíràn wà tí gálásì fi ń pàdánù gáàsì. Gáàsì gbígbóná tín-ín-rín yí Milky Way ká dé ọ̀nà jíjìn. Gálásì tó bá gba inú rẹ̀ sáré yóò rí i bí ẹni tó gun ọ̀kadà ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́: eré rẹ̀ ló sọ afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ di ìjì tó ń gbá agbádá rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí ni a ń pè ní ìtì.

Báwo la ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Ohun méjì ni kí ẹ wò.

Èkíní ni ìràwọ̀. Ìfàya kì í ṣe ojúsàájú. Ó ń fa gáàsì àti ìràwọ̀ pọ̀. Gáàsì nìkan ni ìtì lè gbá kúrò, nítorí pé ìràwọ̀ kéré, ó sì wúwo, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín kò lè mì í. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò rí ìràwọ̀ tó bá Ìṣàn Magellan rìn, èyí sì fún àwọn tó gbà pé ìtì ni ní agbára. Ní 2023, Vedant Chandra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ìràwọ̀ pupa ńláńlá 13 tí wọ́n ń bá Ìṣàn náà rìn, ní nǹkan bí 200,000 sí 390,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ẹ̀rí ìfàya ni.

Èkejì ni ìrísí. Ìfàya ń yọ iwájú, ó ń yọ ẹ̀yìn. Ìtì kì í gbá nǹkan síwájú. Apá Iwájú gbè sẹ́yìn ìfàya. Síbẹ̀, ìtì kò jókòó lásán. Ní etí Ìkùukùu Ńlá tó kọjú sí ibi tó ń lọ, gáàsì ti tán kí ìràwọ̀ tó tán, ìyẹn ohun tí ìtì máa ń ṣe.

Ní 2020, Scott Lucchini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun kẹta kún un. Wọ́n ní Ìkùukùu Ńlá fúnra rẹ̀ gbé gáàsì gbígbóná tó yí i ká wá, èyí sì ni wọ́n fi ṣàlàyé bí gáàsì gbígbóná inú Ìṣàn ṣe pọ̀ tó. Ní 2022, Dhanesh Krishnarao àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo Hubble láti fi hàn pé gáàsì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

7.8 Kì í ṣe níbí nìkan

Ẹ wo M81, gálásì kan tó jìnnà sí wa tó 12 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀, àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, M82 àti NGC 3077. Nínú fọ́tò ìmọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, òfìfo sì ni àárín wọn. Ní 1994, Min Yun, Paul Ho àti K. Y. Lo tẹ àwòrán háídrójìn wọn jáde, èyí tí wọ́n fi àkójọ tẹlisíkóòpù rédíò VLA ní New Mexico yà. Okùn gáàsì so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gáàsì tí ìfàya tì sí àárín M82 ló ń bí ìràwọ̀ níbẹ̀ ní kánmọ́kánmọ́. Ìfàya tó ń gba gáàsì lọ́wọ́ gálásì kan lè jẹ́ òun náà ló ń ki gáàsì ibòmíràn di ìràwọ̀.

Àwọn ìràwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú gáàsì Magellan náà. Ní 2019, Adrian Price-Whelan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kan ní ìtòsí Apá Iwájú. Ọjọ́ orí wọn kò ju nǹkan bí 120 mílíọ̀nù ọdún lọ, ibi tí wọ́n wà sì jìnnà sí ibi tí Milky Way ti ń bí ìràwọ̀.

Ní ti gáàsì tó kù, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Bí gáàsì gbígbóná tó yí Milky Way ká bá tú u ká, yóò dara pọ̀ mọ́ ọn, yóò sì pẹ́ kó tó tutù. Bó bá là á já dé inú àwo gálásì wa, yóò di ohun tí à ń fi bí ìràwọ̀ tuntun. Milky Way kì í bí ju ìwúwo oòrùn kan tàbí méjì lọ lọ́dún. Bílíọ̀nù méjì ìwúwo oòrùn kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré fún un.

Àkótán

- Ìfàya ni ìyàtọ̀ òòfà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ohun kan. Ó ń dínkù pẹ̀lú R³.
- Gáàsì etí ni gálásì kékeré kọ́kọ́ ń pàdánù, nítorí pé ó tẹ́ jìnnà ju ìràwọ̀ lọ.
- Ìgbì sẹ̀ǹtímítà 21 ń fi háídrójìn tútù hàn, ó sì ń sọ eré rẹ̀.
- Eré Ìkùukùu Ńlá fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Milky Way. Nítorí náà, ìfàya Ńlá lórí Kékeré ló ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ Ìṣàn Magellan jù; Milky Way àti ìtì sì ti tún un ṣe.
- Bí aládùúgbò bá pọ̀, kí a tó sọ èyí tó fa gáàsì jáde, ẹ̀rí mẹ́ta la nílò: eré, èròjà inú gáàsì, àti ìràwọ̀ tó bá a rìn.

Ìdánrawò

1. Bí ọ̀nà tó wà láàárín gálásì méjì bá di ìdá mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìlọ́po mélòó ni ìfàya á di?
2. Gálásì ńlá kan wúwo ju kékeré lọ ní ìlọ́po 72. Ọ̀nà àárín wọn jẹ́ 60,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ṣírò ààlà gálásì kékeré.
3. A gbọ́ ìgbì háídrójìn kan ní 1419.7 MHz. Ṣé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni, àbí ó ń lọ? Báwo ni eré rẹ̀ ṣe tó?
4. Ìlọrin wà ní nǹkan bí dígírì 8.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Ìkùukùu Kékeré sì wà ní dígírì 73 sí gúúsù. Báwo ló ṣe lè ga tó jù lọ lójú ẹni tó wà ní Ìlọrin?
5. Ẹ rí ìrù gáàsì gígùn kan lẹ́yìn gálásì kékeré. Kò sí apá iwájú, kò sì sí ìràwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìfàya àti ìtì, èwo lẹ máa fura sí? Ẹ sọ ìdí méjì, kí ẹ sì sọ ohun kan tí ẹ bá rí lọ́la tó lè mú kí ẹ yí ìpinnu yín padà.